Aládàáni tàbí ti ìjọba: iléèwé wo ni kí ẹ mú ọmọ yín lọ ní Ògbómọ̀ṣọ́?

Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi "aládàáni" wé "ìjọba" lásán. Iléèwé kan pàtó ni kí ẹ fi wé òmíràn, àwọn tí ẹsẹ̀ ọmọ yín lè dé. Orúkọ ara pátákó pàápàá lè ṣini lọ́nà: ọ̀pọ̀ iléèwé tó ń jẹ́ Baptist nílùú yìí, ọwọ́ ìjọba ló wà.

Owó

Òfin UBE (ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ) ti ọdún 2004 sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ níléèwé ìjọba láti aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ kìíní títí dé JSS 3. Lọ́dún 2019, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tún fagi lé ₦3,000 tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń san. Yunifọ́ọ̀mù, ìwé àti oúnjẹ ṣì lè wà lọ́rùn òbí.

Ní aládàáni, iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè fún yín kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ béèrè owó fọ́ọ̀mù, lẹ́sìn (ẹ̀kọ́ àfikún), ìwé tí wọ́n ń tà fúnra wọn, bọ́ọ̀sì, àti ayẹyẹ ìparí ọdún. Ẹ ṣírò rẹ̀ fún taàmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, fún gbogbo ọmọ tí ẹ bí. Ọmọ tí wọ́n ń lé wálé nítorí owó ń pàdánù ẹ̀kọ́, ojú sì ń tì í láàárín ẹgbẹ́.

Tíṣà

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ wò jù. NCE ni ìwé ẹ̀rí tó kéré jù tí ìlànà ní kí olùkọ́ ní, àwọn tíṣà ìjọba sì sábà máa ń ní in. Ní ọ̀pọ̀ aládàáni olówó pọ́ọ́kú, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama, tó ń dúró de JAMB, ni ẹ máa bá níwájú kíláàsì. Bó bá rí LAUTECH wọ̀, ó lọ nìyẹn, ọmọ yín á tún máa kọ́ ìwà tíṣà tuntun.

Ṣùgbọ́n tíṣà ìjọba lè mọṣẹ́, kí ọmọ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kọjá 35 tí ìlànà là sílẹ̀ fún aláàkọ́bẹ̀rẹ̀, kó má ráyè gbọ́ bí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe ń kàwé. Ibẹ̀ ni aládàáni tó dáa ti ń borí.

Ẹ lọ síbẹ̀ láàárín taàmù, lọ́jọ́ tí kò sí ayẹyẹ. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá iléèwé kí ọmọ kíláàsì kẹta ka ojú ìwé kan sí yín létí, ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Iléèwé tó bá ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ torí pé ó sọ Yorùbá, èmi ò ní mú ọmọ lọ síbẹ̀ láéláé. Fún girama, ẹ béèrè bóyá WAEC fún wọn láṣẹ láti ṣe ìdánwò nínú ọgbà wọn.

Èwo ni kí ẹ mú?

Bí apá yín bá ká aládàáni tó ní tíṣà gidi, láìyáwó, ẹ mú un fún jẹ́léósinmi títí dé kíláàsì kẹta, torí ìgbà yẹn ni ọmọ ń kọ́ ìwé kíkà. Bó bá jẹ́ olówó pọ́ọ́kú nìkan lagbára yín gbé, ti ìjọba ni kí ẹ mú, kí ẹ sì fi owó tó ṣẹ́ kù gba tíṣà tó mọṣẹ́ láti máa kọ́ ọmọ náà nílé nírọ̀lẹ́. Taàmù kẹta ni kí ẹ ti lọ wò wọ́n, nítorí oṣù September ni ọdún ẹ̀kọ́ tuntun ń bẹ̀rẹ̀.