Olóko koríko ẹran, adójútòfò èwo ni kí ẹ rà: èyí tó ń wo oko ni, àbí èyí tó ń wo òjò?

Adójútòfò tó ń wo oko ló ti pẹ́. Bí ọ̀dá, iná tàbí àkúnya omi bá ba koríko jẹ́, ẹ ó fi tó ilé-iṣẹ́ adójútòfò létí, aṣojú wọn á wá ṣírò àdánù, kí wọ́n tó san gbà-má-bìínú. Ibẹ̀ ni wàhálà wà fún olóko koríko. Àgbàdo á so, a lè kà á. Eèsún tí à ń gé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, ta ni yóò mọ iye tí kò hù? Àfi kí ẹ máa kọ iye ìdì tí ẹ gé sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀.

Èyí tó ń wo òjò kì í dé oko. Sátẹ́láìtì tàbí ẹ̀rọ ìwọnjò ló ń bá a kà á. Ká ní ìwé àdéhùn adójútòfò sọ pé àwọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó bí òjò bá kéré sí mílímítà 120, tí wọ́n á sì san ₦200,000 pé bó bá jẹ́ 60: òjò 90, tó wà ní àárín méjèèjì, á mú ìdajì, ìyẹn ₦100,000, wá. Kò sí àríyànjiyàn, owó sì ń tètè jáde. Ṣùgbọ́n nítòsí Abẹ́òkúta, òjò lè rọ̀ ní Alábàtà kí oòrùn máa ràn ní Òṣíẹ̀lẹ̀; bó bá jẹ́ ibi tó rọ̀ ni ẹ̀rọ wà, kọ́bọ̀ kò ní jáde. Ẹ béèrè ibi tó wà.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé: ṣé àpapọ̀ òjò ni wọ́n ń kà, àbí ọjọ́ ọ̀gbẹlẹ̀? Òjò ńlá méjì lè rọ mílímítà 60 lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n ṣàn lọ, kí ogúnjọ́ sì tẹ̀lé e láìsí ẹ̀kán. Ìwé àpapọ̀ á ní òjò pé, koríko tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gé á sì ti gbẹ. Èyí tó ń ka ọjọ́ ọ̀gbẹlẹ̀ léraléra la fi síwájú. Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe pín oṣù: bí wọ́n bá ka Ògọ́sì, tí òjò wa máa ń sinmi, pọ̀ mọ́ Sẹ̀tẹ́ńbà, òjò Sẹ̀tẹ́ńbà lè bo ọ̀dá náà mọ́lẹ̀.

Oríṣi kan ń fi sátẹ́láìtì wo bí ewé ṣe tutù yọ̀yọ̀ tó, bí wọ́n ti ń ṣe ní àríwá Kẹ́ńyà láti 2010. Ó bá pápá gbalasa mu. Níhìn-ín, ìkùukùu ìgbà òjò ń dí i lójú, igi káṣú àti èpò náà sì ń tutù bíi koríko. A kò fọwọ́ sí i.

Ìwé òjò kì í san owó iná ọyẹ́, kòkòrò tàbí màlúù tó jẹko yín mọ́jú. Bí iná ló ń dà yín láàmú jù, ìwé tó ń wo oko ni kí ẹ rà. Ètò NAIC, ilé-iṣẹ́ adójútòfò iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀, ní kí ìjọba san ìdajì owó àsansílẹ̀ tí ẹ fi ń ra adójútòfò lórí àwọn ohun ọ̀gbìn kan. Ẹ rí i pé wọ́n kọ koríko ẹran síbẹ̀ kí ẹ tó sanwó.