Ṣé Kí Ẹ Sanwó fún Gáìdì Kí Ẹ Tó Lọ sí Disney World? Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Rà

Àbúrò mi obìnrin tó wà n'Íbàdàn fi ìpolówó kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Gáìdì Disney World, ìyẹn ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó ń lọ sí ọgbà ìgbádùn yẹn ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ń tà níbẹ̀, 47 dọ́là. Ó ní, "Sìstá mi, ẹ̀yin lẹ ti débẹ̀ rí. Ṣé kí n rà á?" Òun, ọkọ rẹ̀ àti ọmọ mẹ́ta ló ń bọ̀, ọdún méjì ni wọ́n sì fi ń tu owó ìrìn àjò náà jọ. Mi ò lè kàn dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, torí pé nǹkan mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń pè ní gáìdì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọn ò sì jọra. Ohun tí mo kọ sí i nìyí. Mo fẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kó lè wúlò fún ẹlòmíì tó wà nírú ipò rẹ̀.

Kí ni wọ́n ń tà gan-an?

Disney World tó wà nítòsí Orlando, ní Florida, kì í ṣe ọgbà kan ṣoṣo. Mẹ́rin ni: Magic Kingdom tó ṣí ní 1971, EPCOT ní 1982, Hollywood Studios ní 1989, àti Animal Kingdom ní 1998. Ní 2025, tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan fún àgbàlagbà bẹ̀rẹ̀ láti 119 dọ́là ní Animal Kingdom, ó sì gòkè dé 199 dọ́là ní Magic Kingdom nígbà Kérésìmesì. Ẹni tó bá san irú owó bẹ́ẹ̀ fún èèyàn márùn-ún kò ní fẹ́ lo ọjọ́ náà lórí ìdúró.

Ìlà ló ń jẹ ọjọ́ yín níbẹ̀. Láàárọ̀, kété tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, ìlà máa ń kúrú. Ráìdì, ìyẹn ẹ̀rọ ìgbádùn tí èèyàn ń gùn, tí ẹ lè wọ̀ láìdúró ju ogún ìṣẹ́jú lọ nígbà náà lè gba wákàtí kan àbọ̀ lọ́wọ́ yín tó bá di ọ̀sán. Nítorí náà, ètò ni àwọn tó ń ta gáìdì ń tà: èwo lẹ máa kọ́kọ́ gùn, èwo lẹ máa fi sílẹ̀ di alẹ́, ọjọ́ wo lẹ máa lọ sí ọgbà wo, aago mélòó lẹ gbọ́dọ̀ wà lórí fóònù. Kò sí àṣírí kankan tó fara sin níbẹ̀ tí ẹnì kan nìkan mọ̀. Ìṣòro tó wà ni pé ètò náà máa ń kan bí ọbẹ̀, torí pé Disney kì í pẹ́ yí òfin padà.

Ẹ wo ti ìlà kúkúrú nìkan. Láti 1999 ni wọ́n ti ń fún èèyàn ní FastPass, ìwé àṣẹ láti gba ìlà kúkúrú, lọ́fẹ̀ẹ́. Ó dáwọ́ dúró ní 2020. Ní oṣù kẹwàá 2021, Genie+ dé, olówó ni. Ní oṣù keje 2024 wọ́n tún yí i padà sí Lightning Lane Multi Pass, tó kó ráìdì púpọ̀ pọ̀, àti Single Pass, tó jẹ́ fún ráìdì kan ṣoṣo. Gáìdì tí wọ́n kọ láàárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn tí ẹnikẹ́ni kò tún ṣe kò wúlò mọ́.

PDF tí ẹ máa rà lẹ́ẹ̀kan

Èyí ni wọ́n ń polówó jù, òun náà ni àbúrò mi rí, òun ló sì kọ́ mi lọ́gbọ́n. Atlanta ni mò ń gbé. Nígbà tá a kọ́kọ́ fẹ́ wakọ̀ lọ sí Orlando ní 2024, mo ra ọ̀kan ní 35 dọ́là lọ́wọ́ ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ àwọn òbí. Àwòrán rẹ̀ dára, ó gùn tó ọgọ́ta ojú ewé. Ó ní ká lọ gba ààyè sílẹ̀ fún ọgbà kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún yẹn ni ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì tó ní déètì kò ti nílò ìyẹn mọ́. Ìyẹn kò ṣe wá ní nǹkan kan.

Ti Splash Mountain, ráìdì orí omi kan ní Magic Kingdom, ló dùn mí. Gáìdì náà ní ká dé ibẹ̀ lọ́sàn-án, kí omi lè tù wá lára. Ṣùgbọ́n Splash Mountain ti kógbá sílé láti oṣù kìíní 2023. Tiana's Bayou Adventure ló rọ́pò rẹ̀, ọjọ́ 28 oṣù kẹfà 2024 ló ṣí, oṣù keje la sì dé. A rìn lọ síbẹ̀ ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, nínú oòrùn Florida. Òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà bi wá bóyá a ti gba ààyè. Ààyè wo? Orí áàpù ni wọ́n ti ń tò sí ìlà ráìdì náà nígbà yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, aago méje àárọ̀ àti aago kan ọ̀sán. Méjèèjì ti kọjá lórí wa. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, ti rí àwòrán Tiana, ọmọọba inú fíìmù Disney, ọmọbìnrin adúláwọ̀ bíi tirẹ̀, lára pátákó. Ó di irin ẹnu ọ̀nà mú, ó ní òun ò kúrò níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló gbé e. Mi ò tíì gbàgbé ẹkún yẹn.

Ẹ má tíì sanwó fún PDF kankan tí kò kọ oṣù àti ọdún tí wọ́n tún un ṣe kẹ́yìn sí ojú ewé àkọ́kọ́. Ẹ bi olùtà bóyá ẹ máa gba èyí tí wọ́n bá tún ṣe lẹ́yìn náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ní kó fi ojú ewé kan tó sọ̀rọ̀ nípa Magic Kingdom hàn yín. Bó bá ń rán yín lọ wọ ọkọ̀ ojú omi Liberty Square tàbí lọ sí Tom Sawyer Island, ẹ yáa pa á dé: wọ́n ti ti odò Rivers of America, tí méjèèjì wà nínú rẹ̀, pa láti oṣù keje 2025. Ẹni tó ní ọmọ tó ní autism ní láti ṣọ́ra jù. Ìlànà DAS, tó ń jẹ́ kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ má dúró nínú ìlà, yí padà gidigidi ní oṣù karùn-ún 2024. Ọ̀fẹ́ ni DAS, Disney fúnra wọn lẹ máa bá sọ̀rọ̀ lórí fídíò, kò sì sí ẹni tó yẹ kó gba owó yín lórí rẹ̀.

Ìkànnì olówó ọdọọdún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọ̀fẹ́

Nígbà tá a padà lọ ní oṣù kẹta 2025, àkókò tí àwọn ọmọléèwé Amẹ́ríkà gba ìsinmi tí èrò pọ̀ bí eéṣú, ìkànnì kan tó ń jẹ́ TouringPlans ni mo lò. Owó ọdún kan lẹ máa san, kò sì ju owó oúnjẹ ọ̀sán èèyàn méjì nínú ọgbà lọ. Ó ní kàlẹ́ńdà tó fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà láti 1 dé 10. 10 ni ọjọ́ tí èrò pọ̀ jù. Ẹ máa sọ ráìdì tí ẹ fẹ́ fún un, aago tí ẹ máa wọlé, aago tí ẹ máa jẹun, yóò sì bá yín tò wọ́n kí ìrìn àti ìdúró lè dín kù. Bí òjò ọ̀sán Florida bá dé tí wọ́n ti ráìdì ìta pa, ẹ tẹ̀ ẹ́, á tún gbogbo rẹ̀ tò láti ibi tí ẹ dé. PDF ò lè ṣe ìyẹn láéláé.

Ẹ wá gbé Queue-Times sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, orí ìkànnì ló wà, àkọsílẹ̀ ìlà ọ̀pọ̀ ọgbà káàkiri ayé ló wà níbẹ̀. Ẹ lè jókòó n'Íbàdàn kí ẹ wo bí ìlà ṣe gùn tó ní ọjọ́ kan náà lọ́dún tó kọjá. Ohun tí kò ní ṣe ni pé kò ní bá yín tò ó; ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ ara yín tò ó. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ fún Magic Kingdom nìkan, alẹ́ méjì ló gbà mí. My Disney Experience, áàpù Disney fúnra wọn, ọ̀fẹ́ ni òun náà, ó sì ṣòro kí ẹ wà nínú ọgbà kí ẹ má lò ó. Iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ síbẹ̀ sábà máa ń ju ìdúró gangan lọ, nítorí náà kí ẹ̀rù má bà yín jù bí ẹ bá rí nọ́ńbà ńlá.

Àléébù kan wà lára ti olówó tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Kò mọ ẹsẹ̀ ọmọdé. Bí ẹ ò bá fi ìsinmi sí i, á kó iṣẹ́ fún yín láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo gbàgbé láti fi sí i lọ́jọ́ kìíní. A gun ráìdì márùn-ún kí aago mọ́kànlá tó lù, inú mi dùn, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di aago mẹ́ta, àbíkẹ́yìn ti sùn lọ lọ́rùn bàbá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò sì fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Ẹ̀jẹ́ǹtì, àti àwọn tó ń kọ ètò fún ẹnì kọ̀ọ̀kan

Àwọn ẹ̀jẹ́ǹtì kan wà tí Disney fọwọ́ sí, tí wọ́n ń bá èèyàn gba òtẹ́ẹ̀lì àti tíkẹ́ẹ̀tì. Disney ló ń san owó iṣẹ́ wọn, nítorí náà ọ̀pọ̀ wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Wọ́n á bá yín dìde lówùúrọ̀ kùtù láti gba tábìlì oúnjẹ nígbà tó bá ku ọgọ́ta ọjọ́. Ẹ rántí pé inú ohun tí ẹ bá gbà lówó wọn ti ń jáde o. Bó bá jẹ́ ilé àyágbé ní Kissimmee, ìlú tó wà nítòsí ọgbà náà, lẹ fẹ́ dé sí, bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe máa ń ṣe kí èèyàn lè se ìrẹsì rẹ̀ fúnra rẹ̀, wọn ò ní fi bẹ́ẹ̀ wúlò.

Àwọn kan tún wà lórí Instagram tí wọ́n ń kọ ètò ọjọ́ kọ̀ọ̀kan fún ìdílé yín. Àwọn tí mo bi ń béèrè láti 50 dọ́là sókè. Iṣẹ́ tí ẹ̀jẹ́ǹtì ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ àti èyí tí ìkànnì ọdọọdún ń ṣe lówó pọ́ọ́kú ni wọ́n pa pọ̀. Mi ò rí ìdí tí mo fi máa san án.

Ohun tí mi ò rí nínú gáìdì tí wọ́n kọ fún ará Amẹ́ríkà

Ibí yìí ló ṣe pàtàkì jù fún ẹni tó ń bọ̀ láti ilé. Ilé ìwé ní Florida máa ń wọlé ní nǹkan bí ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ. Àwọn ọmọ wa ní Nàìjíríà ṣì wà nínú ìsinmi gígùn títí wọ inú oṣù kẹsàn-án. Láti ìparí oṣù kẹjọ, ìlà máa ń kúrú, tíkẹ́ẹ̀tì náà a sì rọlẹ̀, àfi òpin ọ̀sẹ̀ Labor Day, ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, nìkan. Òjò pọ̀ nígbà náà, ìjì líle sì lè jà, kí ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó rà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lọ lásìkò yẹn ti rí èyí tó tóbi jù nínú ohun tí gáìdì ń tà, kò sì san nǹkan kan.

Ẹni tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù tún ní tirẹ̀. Disney ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́jọ́ mẹ́rìnlá fún àwọn ará Britain, àwòrán tí wọ́n bá yà yín nínú ọgbà wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ń tẹ̀ lé gáìdì tó ń ṣírò tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ mẹ́rin ará Amẹ́ríkà, gbogbo ìṣirò yín á daru.

Lórí Lightning Lane, aago méje àárọ̀ Orlando ni wọ́n ń ṣí i. Ẹni tó gba òtẹ́ẹ̀lì Disney lè mú tirẹ̀ nígbà tó bá ku ọjọ́ méje kó dé. Ẹni tó dé síbòmíràn, ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà ẹ̀rùn wọn, aago méje yẹn jẹ́ aago méjìlá ọ̀sán ní Èkó àti ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ lè wà níbi iṣẹ́ kí ẹ tẹ̀ ẹ́.

Ta ló yẹ kó rà á?

Bó bá jẹ́ Kérésìmesì, Ọdún Àjíǹde tàbí oṣù keje lẹ ń lọ, tí ẹ fẹ́ lo ọjọ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí kò sì sí ẹni tó débẹ̀ rí nínú yín, ẹ san owó ìkànnì ọdọọdún náà ní oṣù kan kí ẹ tó gbéra. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí èyí. Ẹni tí àwọn ọmọ rẹ̀ kéré, tí wọn ò tíì ga tó, kò nílò rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ráìdì tí ìlà rẹ̀ gùn ni wọn ò ní gbà wọ́n sí. Ẹ kọ́kọ́ wọn wọ́n nílé: Seven Dwarfs Mine Train ń béèrè 97 sẹ̀ǹtímítà, Tiana's 102, Space Mountain 112, TRON 122. Ẹ sì béèrè fún Rider Switch, ọ̀fẹ́ ni: òbí kan á dúró ti ọmọ tí kò tíì ga tó, èkejì á gùn, wọ́n á wá pààrọ̀ láìtún tò láti ẹ̀yìn. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta kì í san owó ìwọlé.

Bó bá ku nǹkan bí àádọ́ta dọ́là lọ́wọ́ yín, ẹ má pín in sí gáìdì méjì. Ẹ fi kún owó Lightning Lane Multi Pass fún ọjọ́ Magic Kingdom nìkan, ibẹ̀ ni ráìdì ti pọ̀ jù.

Àbúrò mi ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ni ọkọ̀ òfuurufú wọn, àwọn sì ti gba ilé ní Kissimmee. Mo ní kó má ra gáìdì yẹn, kó má sì san ti ọdọọdún. Àwọn ti ọ̀fẹ́ tó fún wọn. Mo ní kó dúró síwájú ògiri kó wọn àwọn ọmọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an. Àbíkẹ́yìn kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Èyí àkọ́kọ́ ti kọjá gbogbo rẹ̀. Èyí àárín, ọmọ ọdún mẹ́fà, jẹ́ 113 sẹ̀ǹtímítà. Space Mountain á gbà á.