Ọ̀rọ̀ ọmú ní kílíníkì àwa tó ń lo oògùn HIV

Ọ̀fẹ́ ni oògùn ní kílíníkì ìjọba tí mo ń lọ n'Ìbàdàn, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àwa ìyá ìkókó tó ní kòkòrò HIV ni mo fi ń yìn wọ́n. Nọ́ọ̀sì wa kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: lo oògùn rẹ lójoojúmọ́, jẹ́ ká máa yẹ iye kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ rẹ wò, kí o sì fún ọmọ lọ́mú. Láìsí oògùn, nínú 100 ọmọ, 15 sí 45 ló lè kó o láti inú oyún títí dé ìgbà ọmú. Bí ìyá bá ń lo oògùn déédéé, kì í tó 5. Ewu náà kò tán pátá, nọ́ọ̀sì ò sì fi èyí pa mọ́ fún wa.

Ọ̀rọ̀ agbo ni wọ́n ti ràn mí lọ́wọ́ jù. Ìyá ọkọ mi fẹ́ máa rọ ọmọ, wọn ò sì mọ ohun tó ń ṣe mí. Nọ́ọ̀sì fi ọ̀wọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ọmú nìkan ni. Omi pàápàá, rárá. Gbogbo ìyá tó bímọ níbí la ń sọ ọ́ fún." Òótọ́ ni, àṣírí mi ò sì tú. Màmá gbà!

Wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń gbé ọmọ sọ́mú dáadáa kí orí ọmú má baà bó. Bó bá ń ṣẹ̀jẹ̀, kí n fi ọmú kejì fún ọmọ, kí n fún wàrà ti ìhà tó ń dùn mí dànù, kí n sì tètè wá. Ọmọ mu nevirapine olómi, oògùn tó ń dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ HIV, lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí wọ́n tó gún un ní gìgísẹ̀, tí wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sórí bébà fún àyẹ̀wò. Kò ní in. Mo sunkún ayọ̀. A ó tún yẹ̀ ẹ́ wò tí mo bá já a lẹ́nu ọmú, mo sì lè fún un tó ọdún méjì.

Fèrèsé oògùn nìkan ni mo bínú sí. Iwájú gbogbo èrò ló wà, ike oògùn wa sì máa ń dún ṣaworo. Mo mọ ìyá tí ìtìjú yìí ò jẹ́ kó wá mọ́, bẹ́ẹ̀ ó ṣì ń fún ọmọ lọ́mú. Yàrá kan wà lẹ́yìn tó kún fún àga tó ti kán. Kí wọ́n kó wọn dànù, kí wọ́n máa fún wa lóògùn níbẹ̀.