Dẹ́mò géèmù tuntun ní Under-G, Ògbómọ̀ṣọ́: èyí tó tó owó rẹ̀ àti èyí tí kò tó

Àwọn ilé géèmù kéékèèké tó wà ní Under-G àti Adéníkẹ̀ẹ́, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH, tí wọ́n máa ń pe èèyàn wá fọwọ́ kan géèmù tuntun ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan kó tó jáde, ń ṣe iṣẹ́ tó tó owó tí wọ́n ń gbà, pàápàá fún ẹni tó bá débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Àwọn tó ń gba gbọ̀ngàn ní ìgboro, tí orin ń dún, tí MC ń pariwo, kò tó o. Ẹ ó wo fídíò, ẹ ó ra mínírà, ẹ ó sì padà sílé láìfọwọ́ kan páàdì tí wọ́n fi ń darí géèmù. Òórùn ọbẹ̀ lásán ni wọ́n ní kí ẹ fi jẹ iyán.

Ní òkè òkun, ilé-iṣẹ́ tó ṣe géèmù fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ní oṣù kẹfà ọdún 2014, Nintendo gbé géèmù ìjà Super Smash Bros. ti ẹ̀rọ rẹ̀, Wii U, sí àwọn ṣọ́ọ̀bù Best Buy kan ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, nígbà tó ṣì ku nǹkan bí oṣù márùn-ún kí géèmù náà dé orí àtẹ. Ti Ògbómọ̀ṣọ́ níbí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ló ń fi détà ara rẹ̀ dáńlóòdù ohun tí ilé-iṣẹ́ gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí yóò sì gba owó ìjókòó lọ́wọ́ yín. Nítorí náà, ọwọ́ ẹni yẹn ni gbogbo rẹ̀ wà: ohun tó dáńlóòdù, ẹ̀rọ tó fi í sí, iná tó ń lò, páàdì tó gbé lé yín lọ́wọ́.

Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń pè ní dẹ́mò níbí. Àkọ́kọ́ ni dẹ́mò gidi, ọ̀fẹ́ ni, ilé-iṣẹ́ ló gé e kúrú. Ti géèmù ìjà Street Fighter 6, tó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2023, Ryu àti Luke nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ìjà. Ti Tekken 8, géèmù ìjà mìíràn, dé ní oṣù kejìlá ọdún kan náà, PS5 (PlayStation 5) ló sì kọ́kọ́ dé sí. Bí ṣọ́ọ̀bù kan bá ní òun fi dẹ́mò Tekken 8 sórí PS4, irọ́ ni, géèmù yẹn kò sí fún PS4 rárá.

Èkejì, odidi géèmù tí wọ́n fi wákàtí dé, ló pọ̀ jù nítorí bọ́ọ̀lù lọ̀pọ̀ èèyàn ń bá lọ. EA, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù FIFA tó ti di FC báyìí, kò gbé dẹ́mò bọ́ọ̀lù jáde ṣáájú géèmù fúnra rẹ̀ mọ́ láti ìgbà FIFA 20 ní ọdún 2019. Ohun tó wà báyìí ni wákàtí 10 tí wọ́n ń fún ẹni tó bá san owó EA Play, àsansílẹ̀ géèmù ti EA. FC 26 jáde ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, àwọn tó ní EA Play sì ti ń gbá a láti ọjọ́ 19. Odidi géèmù ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n gé, aago nìkan ló ń lé yín.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ti ń ṣìṣe. Wákàtí 10 jẹ́ ìṣẹ́jú 600. Bí ìdajì bọ́ọ̀lù bá jẹ́ ìṣẹ́jú 6, ìṣẹ́jú 12 ni gbígbá rẹ̀. Ẹ fi yíyan ẹgbẹ́, ìsinmi àárín àti àtúnwò góòlù kún un, ó di nǹkan bí 18. Bọ́ọ̀lù 33 ni 600 yóò gbà, ìyẹn èèyàn 66 bí kò bá sí ẹni tó gbá lẹ́ẹ̀mejì. Aago náà ń ka ní gbogbo ìgbà tí géèmù bá wà ní ṣíṣí, kódà bí ẹ bá ń ṣàríyànjiyàn lórí mẹ́nù nípa ta ló gba Real Madrid. Ṣọ́ọ̀bù tó bá gba owó lọ́wọ́ ọgọ́rùn-ún èèyàn lórí àkáǹtì kan ti mọ̀ pé àwọn kan kò ní gbá. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi í: "Ẹ̀gbọ́n, wákàtí mélòó ló kù lórí rẹ̀?" Ẹni tó bá ń ṣe é dáadáa máa ń pa géèmù náà pátá láàárín ẹni kan àti èkejì bí ìlà bá dúró, kì í fi sílẹ̀ lórí mẹ́nù.

Ẹ̀kẹta ni ayédèrú. Wọn a mú FIFA àtijọ́, wọn a fi páàṣì (fáìlì àtúnṣe) yí aṣọ àti orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù padà, wọn a ní FC tuntun ni. Ẹ wo ẹ̀rọ rẹ̀. FIFA 19 ló kẹ́yìn lórí PS3, FIFA 14 ló kẹ́yìn lórí PS2. PS3 tí wọ́n kọ FC sí iwájú rẹ̀, ẹ yí ẹ̀yìn padà sí i. Bó bá jẹ́ PS4, ẹ ní kí wọ́n jáde sí ojú ìwé àkọ́kọ́, kí ẹ ka orúkọ tó wà lábẹ́ àwòrán géèmù náà fúnra yín.

PS4 tòótọ́ pàápàá ní àbùkù tirẹ̀. FC ti PS4 àti ti PS5 kì í ṣe ọ̀kan náà: HyperMotionV, ìmọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n fi gba ìrìn àwọn agbábọ́ọ̀lù láti inú ìdíje gidi, kò sí nínú ti PS4. Ẹni tó ní PS4 nílé, tí PS4 náà ló sì fẹ́ rà á fún, dẹ́mò PS4 tó o. Ẹni tó ń ronú láti ra PS5 nítorí géèmù náà, kó má fi ti PS4 dájọ́.

Ìdí tí ọ̀pọ̀ dẹ́mò fi ń pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ ni dáńlóòdù. Fáìlì 50GB lórí íntánẹ́ẹ̀tì 10Mbps máa gbà ju wákàtí 11 lọ, ìyẹn bí nẹ́tíwọ̀kì kò bá já. Ṣọ́ọ̀bù tó bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ dẹ́mò, alẹ́ ni yóò ṣí. Ọ̀rọ̀ káàdì tí wọ́n fi ń sanwó sínú àkáǹtì tún wà ńbẹ̀: PlayStation kò ní ìtàjà fún Nàìjíríà, nítorí náà àkáǹtì Amẹ́ríkà tàbí ti ìlú mìíràn ni gbogbo wọn ń lò. Káàdì tí wọ́n rà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìlú tí wọ́n fi ṣí àkáǹtì. Káàdì Amẹ́ríkà kò wọ àkáǹtì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kì í sì í dá owó rẹ̀ padà. Ìyẹn ló sábà wà lẹ́yìn "ẹ padà wá lọ́la".

Iná wá ńkọ́? PS5 ń jẹ tó 200W bí géèmù bá ń lọ, tẹlifíṣọ̀n LED oní-íǹṣì 43 ń jẹ nǹkan bí 80W. Méjì-méjì wọn jẹ́ 560W. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo èèyàn ń pè ní "I better pass my neighbour" kò ju bí 650W lọ. Fáànù kan ṣoṣo ló kù tí ẹ lè fi kún un. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta mínírà a máa so fíríìjì mọ́ ọn. Bí kọ̀ǹpẹ́résọ̀ fíríìjì bá ṣe fẹ́ gbéra, ó máa ń fa iná ní ìlọ́po ju bó ṣe ń lò lọ, iná yóò rẹlẹ̀, PS yóò kú láàárín bọ́ọ̀lù. Nígbà tó bá tún tàn, ó máa kọ́kọ́ yẹ ibi ìpamọ́ rẹ̀ wò, ìlà yóò sì dúró. Ṣọ́ọ̀bù tó ní ínfátà, tàbí UPS (bátìrì tó ń gbé iná dúró bí iná bá lọ) lábẹ́ PS kọ̀ọ̀kan, ni kí ẹ yàn, bó tilẹ̀ wọ́n díẹ̀.

Tẹlifíṣọ̀n ni wọn kì í fiyè sí. Tí Game Mode, ètò fún géèmù nínú tẹlifíṣọ̀n, kò bá sí ní títàn, ó máa ń tún àwòrán ṣe kó tó gbé e jáde, ohun tí ẹ tẹ̀ yóò sì pẹ́ kí ẹ tó rí i. Street Fighter 6 ń lọ ní fírémù (àwòrán) 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ̀ṣẹ́ tó yá jù nínú rẹ̀ jẹ́ fírémù 4. Tẹlifíṣọ̀n tó bá pẹ́ ní fírémù 6, ẹ̀ṣẹ́ ti bà yín kí ẹ tó rí i pé ó gbéra. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti sọ pé géèmù kan "wúwo lọ́wọ́" nígbà tó jẹ́ pé tẹlifíṣọ̀n ṣọ́ọ̀bù ni. Ẹ ní kí wọ́n tàn án, kò gbà ju ìṣẹ́jú kan.

Fún páàdì, ẹ gbé e sílẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀. Tí agbábọ́ọ̀lù tàbí àmì orí mẹ́nù bá ń rìn fúnra rẹ̀, ọ̀pá ìdarí páàdì náà ti bàjẹ́, ẹ gba òmíràn. Kí ẹ sì bèèrè wáyà: USB-C fún ti PS5, micro USB fún ti PS4. Páàdì mẹ́jọ tí kò ní wáyà nínú yàrá kan máa ń fa ìdàrúdàpọ̀, ẹnìkan a tẹ bọ́tìnnì PS, ẹ̀rọ ẹlòmíràn a tàn.

"Ẹni tó bá borí ló dúró" dára fún ìdíje, ó burú fún dẹ́mò. Ọmọ LAUTECH kan tó mọ̀ ọ́n gbá yóò jókòó láti àárọ̀ dọ́sàn-án, ẹ̀yin tó sanwó bákan náà yóò rí ìṣẹ́jú 18. Ṣọ́ọ̀bù tó ń fi nọ́ńbà pè, tí ẹni kọ̀ọ̀kan ní bọ́ọ̀lù kan láìwo èsì, ló ń ṣe ẹ̀tọ́. Láti mọ èyí tó wọ́n, ẹ pín owó ìjókòó sí iye ìṣẹ́jú tí páàdì máa wà lọ́wọ́ yín, ẹ má wo owó ẹnu ọ̀nà nìkan. Bí ẹ bá sì jókòó, ẹ mú ẹgbẹ́ tí ẹ ń lò nínú èyí tó wà nílé, kí ẹ sì fò àtúnwò góòlù. Ẹgbẹ́ tuntun kò ní jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá géèmù ló yí padà tàbí àwọn agbábọ́ọ̀lù.

Lẹ́yìn dẹ́mò ni wọ́n máa ń gba àsansílẹ̀. Ẹ bèèrè bóyá díìsìkì ni tàbí ti orí àkáǹtì. Díìsìkì ẹ lè tà tó bá sú yín, ti orí àkáǹtì kò ṣeé tà, PS5 Digital tí kò ní ibi díìsìkì kò sì lè lo díìsìkì láìra ẹ̀rọ díìsìkì mọ́ ọn, ti àkọ́kọ́ tó jáde ní 2020 kò tilẹ̀ gbà á rárá. Ohun tí ẹ bá ṣe nínú wákàtí 10 náà máa wọ odidi géèmù, ṣùgbọ́n lórí àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù ni, kò ní bá yín délé. Ẹ gba rìsíìtì tí wọ́n kọ iye tó kù sí, kí wọ́n sì kọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí dọ́là bá gòkè kí géèmù tó dé. Ṣọ́ọ̀bù tó bá kọ̀ láti kọ èyí, ẹ gbá bọ́ọ̀lù yín tán, kí ẹ gbé owó yín dání.