BRT àti Dánfó: Èwo Ló Mọ Èkó Jù?

Ní 2008 ni BRT, bọ́ọ̀sì ńlá tó ní ọ̀nà tirẹ̀ l'Ékòó, bẹ̀rẹ̀, láti Máìlì 12 dé CMS. Ọ̀nà tirẹ̀ ló fi ta dánfó yọ: bí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ bá dì, ó ń kọjá lọ. Káàdì Cowry tí a fi ń sanwó ọkọ̀ tún wá gbà wá lọ́wọ́ ìjà ṣéńjì.

Dánfó ò lọ́nà tirẹ̀, àmọ́ ó lójú. Bí Ojúẹlẹ́gbà bá há, awakọ̀ á yà gba àdúgbò. Pariwo "Ó wà o!", kọ́ńdọ́kítọ̀ á gbá ara ọkọ̀, o ti bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ. BRT ò lè ṣèyẹn láéláé.

Bí mo bá ń lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó, BRT ni tèmi. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi bọ́ọ̀sì kún ti àárọ̀. Ìlà tí a ń tò dè é ń tán àwọn òṣìṣẹ́ lókun.