Àpótí sáyẹ́ǹsì tí mo rà fáwọn ọmọ mi, àti àwọn nǹkan tí mo padà lọ rí lọ́jà

Látìgbà tí mo ti fi fọ́tò àpótí sáyẹ́ǹsì yẹn sí status mi, àwọn èèyàn ò yéé bi mí pé ṣé kí àwọn náà ra ọ̀kan. Mo ní kí n lò ó tán ná kí n tó sọ̀rọ̀. Ó ti pé oṣù mẹ́ta báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ìbàdàn là ń gbé. Ọmọ méjì ni mò ń kọ́ nílé, èyí àgbà, Dámọ́lá, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àbúrò ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé méje. Ìwé Basic Science ti pràímárì la fi ń kọ́ wọn, ìwé yẹn ò burú rárá, àmọ́ kó o tó ṣí ojú ìwé mélòó kan wọ́n á ti ní kó o wá tẹmọmítà, kó o wá mágnẹ́ẹ̀tì, ìyẹn òòfà, kó o wá test tube, ìyẹn ife tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn tí wọ́n fi ń ṣàyẹ̀wò, ibi tó o ti máa rí i ni wọn ò ní sọ. Mi ò sì fẹ́ kó jẹ́ pé àwòrán la ó kàn máa wò, torí báwọn olùkọ́ ṣe kọ́ èmi nìyẹn, mo kọ́ nípa òòfà láìfọwọ́ kàn án rí títí mo fi jáde sẹ́kọ́ńdìrì.

Bí mo ṣe rí àpótí kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìyẹn, wọ́n ní ogójì àyẹ̀wò ló wà nínú ẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà sí méjìlá. ₦38,500, owó dílífárì lọ́tọ̀. Ó dé lọ́jọ́ karùn-ún, ó sì dé pérépéré, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn nínú. Mi ò ní dárúkọ àwọn tó ń tà á, torí kì í ṣe pé mo fẹ́ bá wọn jà, mo kàn fẹ́ kí ẹni tó máa náwó mọ ohun tó ń rà ni.

Ohun tó dáa jù níbẹ̀ ni awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Ó mọ́, ó wúwo lọ́wọ́, kì í ṣe rọ́bà tó máa bàjẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ tá a kọ́kọ́ lò ó, mo da iyọ̀ díẹ̀ sórí bébà dúdú, mo ní kí àbúrò wò ó, ó wò ó títí, ó ní "Màámi, gbogbo ẹ̀ ló ní igun o, ó dà bíi ṣúgà St. Louis kéékèèké." Bó ṣe rí gan-an nìyẹn, hóró iyọ̀ ní igun mẹ́rin mẹ́rin, èmi fúnra mi ò tíì fara balẹ̀ wò ó rí. Títí dòní wọn ò tíì gbé awò yẹn sílẹ̀, kòkòrò inú ẹ̀wà ni, èèrà ni, ìka ọwọ́ wọn ni. Àwọn test tube mẹ́fà tó wà níbẹ̀ náà dáa, oníke ni, kì í fọ́, igi tí wọ́n ń to wọ́n sí lágbára.

Àmọ́ ẹ wá gbọ́ ìyókù.

Tẹmọmítà tí wọ́n fi síbẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi sí abíyá ọmọ tára ẹ̀ bá gbóná ni, onígíláàsì tó ní makíúrì nínú. Ìwé pélébé tó bá a wá sì ní kí ọmọ tì í bọ omi gbígbóná kó tún tì í bọ omi yìnyín. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo ka nọ́ńbà ara ẹ̀ kí n tó gbé e fún wọn, láti 35 dé 42 ló mọ. Tẹ́ ẹ bá ki ìyẹn bọ omi tó ń hó, ó máa bẹ́ ni, makíúrì á sì dà sílẹ̀, atẹ́gùn makíúrì ò sì dáa fún ẹnikẹ́ni láti fà símú, ká má tíì sọ ti ọmọdé. Ìyẹn bí mi nínú gidi gan-an. Mo padà lọ ra tẹmọmítà láàbù, èyí tó lómi pupa nínú, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan láàbù fáwọn ilé ìwé, ìyẹn lè lọ kọjá 100 láìsí wàhálà.

Èkejì, káńfọ̀. Hóró mẹ́rin nínú nylon, káńfọ̀ tí wọ́n ń kó sáàárín aṣọ yìí náà, wọ́n ní kí ọmọ gbé e sórí iná kó wo bó ṣe ń ru èéfín láìkọ́kọ́ yọ́ di omi. Ẹ jọ̀ọ́, àwọn ọmọ kan wà tí wọn ò ní èròjà G6PD tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n sì pọ̀ láàárín àwa dúdú. Tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fa káńfọ̀ símú tàbí ó fi sẹ́nu, sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, ojú á wá pọ́n bíi ti ẹni tó ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní in, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀. Ọ̀pọ̀ òbí ò sì mọ̀ bóyá ọmọ tiwọn ní in. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo kó o jáde nílé.

Sódà tó wà fún àyẹ̀wò òkè ayọnáyèéfín ńkọ́, èyí tí wọ́n ń da vinegar sí sódà kó lè hó jáde bí òkè tó ń yọná? Sáṣẹ́ẹ̀tì kan péré. Ọjọ́ méjì ló tán, ó sì ku àyẹ̀wò mẹ́rin tó nílò ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá máa rà á, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta èlò kéèkì ni kẹ́ ẹ lọ, kẹ́ ẹ sì tẹ́nu mọ́ ọn pé baking soda lẹ fẹ́, torí baking powder ni wọ́n sábà máa ń nawọ́ ẹ̀ síni, ìyẹn ti ní èròjà kíkan nínú tẹ́lẹ̀, omi lásán náà á mú un hó, ọmọ ò wá ní mọ̀ pé kíkan inú vinegar ló yẹ kó ṣe é.

Iná LED wọn, ìyẹn gílóòbù kékeré ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ò tàn. Mo pààrọ̀ bátìrì, mo pààrọ̀ wáyà, kò tàn. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá tó ń tún rédíò ṣe ládùúgbò wa, wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní "Ìyá Dámọ́lá, kò bàjẹ́ o. Ẹyọ bátìrì kan kọ́ ló ń gbé iná funfun, méjì ni." Bátìrì kan 1.5 volt ni, LED funfun yìí sì ń fẹ́ nǹkan bíi 3, ibi tí wọ́n ń ki bátìrì sí nínú àpótí ò sì gbà ju ẹyọ kan lọ! Wọ́n tún fi han Dámọ́lá pé ẹsẹ̀ tó gùn lára LED ló máa kọjú sí orí bátìrì, tẹ́ ẹ bá yí i padà kò ní tàn. Ó tàn, ọmọ pariwo. Bàbá wá tú òòfà lára sípíkà kan tó ti kú, wọ́n fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Òòfà yẹn lágbára ju méjèèjì tó wà nínú àpótí lọ fíìfíì. Lẹ́yìn òjò a wé e sínú nylon, a fi wọ́ ilẹ̀ etí gọ́tà, yanrìn dúdú kan báyìí so mọ́ ọn bí irùngbọ̀n. Ẹ má gbàgbé nylon o, tí yanrìn yẹn bá lẹ̀ mọ́ òòfà lásán, kì í fẹ́ kúrò mọ́.

Látọjọ́ yẹn ni mo ti yíjú sí ọjà. Mo máa ń mú wọn dání lọ ọjà Bódìjà, àwọn ni wọ́n ń bá mi béèrè ọjà.

Zobo ló dùn mọ́ mi jù. Mo se ewé ẹ̀ díẹ̀, mo jẹ́ kó tutù, mo bu ú sínú test tube mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Àkọ́kọ́ a ò fi nǹkan kan sí i. Èkejì, omi ọsàn wẹ́wẹ́, ó pọ́n fòò. Ẹ̀kẹta vinegar, ó pọ́n náà. Ẹ̀kẹrin sódà, àwọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí sí búlúù. Ẹ̀karùn-ún kán-ún tá a fi omi pò, ó di àwọ̀ ewé! Ẹ̀kẹfà omi ọṣẹ dúdú, òun náà ṣe bíi kán-ún, ìgbà yẹn ni mo ṣàlàyé fún wọn pé eérú èèpo kòkó wà lára ohun tí wọ́n fi ń se ọṣẹ yẹn, eérú àti kán-ún, ìwà kan náà ni wọ́n ń hù sí zobo. Dámọ́lá wá ní kí òun fún ọsàn sínú èyí tó ti di àwọ̀ ewé, ó ń kán an díẹ̀ díẹ̀, ó ń hó ṣìì, àfi bó tún ṣe padà pọ́n lójú wa. Èyí ò sí nínú ogójì tí wọ́n kọ sára páálí. Gbogbo ẹ̀ ò tó ₦1,000. Mo kàn sọ fún wọn pé a kì í mu zobo àyẹ̀wò, ife ọ̀tọ̀, kọ́ọ̀pù ọ̀tọ̀.

Lọ́dọ̀ oníkẹ́mísì, mo ra iodine, wọ́n ní egbò wo ló dá, mo ní iṣu ni. A kán an sára iṣu, ògì àti gàrí, gbogbo wọn dúdú kirikiri torí pé sítáàṣì wà nínú wọn, a kán an sórí ṣúgà àti iyọ̀, kò ṣe nǹkan kan. Síríńjì tí mo ti yọ abẹ́rẹ́ ẹ̀ la fi ń wọn omi, ike tí ọmọ fi ń mu wàrà náà ní nọ́ńbà ml lára. Sítáàṣì tútù wà ńbẹ̀ náà, tẹ́ ẹ bá gbá a ó le, tẹ́ ẹ bá rọra fọwọ́ gbé e ó ń ṣàn.

Ohun mìíràn tí àpótí yẹn ò ní ni Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì pátá ni ìwé ẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì tó le sì ni. Látọdún 1970 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn èèyàn ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yẹn n'Ífẹ̀, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ pràímárì ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò fọ́dún mẹ́fà, ó yẹ ká ti kọjá ibi tá a wà yìí. Èmi ń pe òòfà ní òòfà, mo sì ń sọ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ náà, méjèèjì ti mọ́ wọn lára.

Ṣé kẹ́ ẹ wá rà á? Tẹ́ ẹ bá jìnnà sọ́jà, tẹ́ ò sì ráyè, awò àti test tube ibẹ̀ á wúlò fún yín. Ẹni tó bá wà nítòsí ọjà, ra awò, test tube àti tẹmọmítà láàbù lọ́tọ̀, ìyókù ń bẹ lọ́dọ̀ ìyá oníkán-ún, oníkẹ́mísì àti bàbá onírédíò. Nínú márùn-ún, méjì ni mo fún un.

Mo ti kọ̀wé sáwọn tó ń tà á nípa tẹmọmítà àti káńfọ̀ yẹn, wọ́n dá mi lóhùn pé àwọn máa yọ wọ́n. Mi ò tíì rí àpótí tuntun. Torí náà tẹ́ ẹ bá rà á, ẹ wo inú nylon kékeré tó wà lábẹ́ àwọn test tube kẹ́ ẹ tó gbé e fún ọmọ.