IReV, ìkànnì tí INEC ń gbé èsì ìbò sí, fún ẹni tó fẹ́ mọ bí Ìbàdàn ṣe ń dìbò: ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún

Bó bá jẹ́ ìbò alága káńsù lẹ wá wò, ẹ má wulẹ̀ fi dátà ṣòfò. OYSIEC, àjọ elétò ìdìbò ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ló ṣètò ìbò 27 oṣù kẹrin 2024 tí PDP ti kó gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 33. Èsì rẹ̀ kò sí lórí ìkànnì INEC. Fún Ìbàdàn, tí kò ní méyọ̀ kan, tó jẹ́ alága 11 ló pín in ṣàkóso, àbùkù ńlá nìyẹn.

Ìbò Ààrẹ àti ti gómìnà 2023 ló wúlò níbẹ̀. Ẹ forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú ímeèlì, ẹ yan irú ìbò, ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀, wọ́ọ̀dù, kí ẹ tó kan ibùdó ìdìbò. (Nọ́ńbà ibùdó Ọ̀yọ́, 30 ló fi ń bẹ̀rẹ̀.) Fọ́tò fọ́ọ̀mù EC8A, ìwé èsì ibùdó ìdìbò, lẹ máa bá, èyí tí wọ́n fi BVAS, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ olùdìbò wò, yà. Ìkànnì kò ní bá yín ṣírò. Ẹ̀yin lẹ máa tẹ̀ ẹ́ sí Excel, iṣẹ́ akọ̀wé gidi sì ni.

Òkè fọ́ọ̀mù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí iye ìbò bá ju iye àwọn tí BVAS yẹ̀ wò lọ, Òfin Ìdìbò 2022, tí wọ́n lò fún ìbò 2023, ní kí wọ́n wọ́gi lé èsì ibùdó náà. Ẹ ro ìbò tó pegedé, èyí tí wọ́n kọ̀ àti ìwé tó bàjẹ́ pọ̀, kó bá iye ìwé tí wọ́n lò mu. Bí fọ́tò bá ṣókùnkùn, 1 á jọ 7: ẹ wo iye tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kọ. Ẹ ṣọ́ra fún ìlà ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Lórí fọ́ọ̀mù Ààrẹ, APC ni ìkẹfà, LP ìkọkànlá, PDP ìkẹrìnlá nínú ẹgbẹ́ 18.

Ibi tó ti dùn ni kí ẹ gbé fọ́ọ̀mù ìbò Ààrẹ 25 oṣù kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti gómìnà 18 oṣù kẹta fún ibùdó kan náà. Ní gbogbo Ọ̀yọ́, Tinubu ti APC ní 449,884, Atiku ti PDP 182,977. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, Mákindé ti PDP gba 563,756, Fọlárìn ti APC 256,685. Àmọ́ kí ẹ tó ní àdúgbò kan yí ẹgbẹ́ padà, ẹ fi iye tí BVAS yẹ̀ wò lọ́jọ́ méjèèjì wéra. Ó lè jẹ́ pé àwọn mìíràn ló jáde.

Lọ́dún 2023, èsì Ààrẹ pẹ́ kó tó gòkè. INEC ní ẹ̀rọ ló ṣe ségesège. Ìyẹn kò dí ẹni tó ń tú èsì wò lẹ́yìn ìbò lọ́wọ́, ẹni tó jókòó tì í lálẹ́ ọjọ́ náà ló jẹ ìyà. Ẹ wa fọ́tò kọ̀ọ̀kan sórí fóònù, kí ẹ sì fi nọ́ńbà ibùdó sọ ọ́ lórúkọ.